Bí A Ṣe Ń Ka Ìròyìn Ọ̀sẹ̀ Aṣòfin: Àlàyé fún Àwọn Olùgbé Ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́

Ọ̀pọ̀ aṣòfin ni ó máa ń jábọ̀ iṣẹ́ wọn fún àwọn tí ó dìbò yàn wọ́n, yálà lórí rédíò, ní ìpàdé ìlú tàbí lórí WhatsApp. Nínú irú ìròyìn bẹ́ẹ̀ ni a ti máa ń gbọ́ pé àbádòfin kan ti gba kíkà kejì, pé Ilé ti rọ ìjọba láti tún afárá kan ṣe, tàbí pé iṣẹ́ yóò bẹ̀rẹ̀ lórí ọ̀nà kan láìpẹ́. Ohùn kan náà ni a fi ń sọ gbogbo rẹ̀, ṣùgbọ́n ìwọ̀n wọn kò dọ́gba. Ẹni tí ó bá ka àbádòfin sí òfin yóò máa retí ohun tí kò tíì sí. Ẹni tí kò sì mọ ìgbà tí Ilé ń gba èrò ará ìlú, ọjọ́ tí wọ́n bá bi í léèrè owó ìtanràn ni yóò tó mọ̀ pé òfin ti wà. Nítorí èyí ni a ṣe kọ àlàyé yìí, kí olúkúlùkù lè mọ ohun tí aṣòfin rẹ̀ ń sọ, kí ó sì mọ ìbéèrè tí ó yẹ kí ó bi í.

Aṣòfin yín àti ibi tí agbára rẹ̀ mọ

Òfin orílẹ̀-èdè Nàìjíríà ti ọdún 1999 ni ó dá Ilé Ìgbìmọ̀ Aṣòfin sílẹ̀ ní ìpínlẹ̀ kọ̀ọ̀kan. Iye aṣòfin kò gbọdọ̀ dín sí 24, kò sì gbọdọ̀ ju 40 lọ. Méjìlélọ́gbọ̀n (32) ni ti Ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́, ilé wọn sì wà ní Sẹkitéríàtì, Agodi, ní Ìbàdàn. Ẹkùn ìdìbò kì í ṣe ohun kan náà pẹ̀lú ìjọba ìbílẹ̀. Ìjọba ìbílẹ̀ 33 ni a ní. Àwọn kan dá ní aṣòfin tiwọn, Ògo-Olúwa àti Ṣùúrùlérè para pọ̀ ní ẹyọ kan, nígbà tí Ìbàdàn Àríwá ní méjì.

Ọdún mẹ́rin ni sáà Ilé kan. Èyí tí ó wà lórí àga báyìí bẹ̀rẹ̀ ní oṣù kẹfà ọdún 2023. Òfin sọ pé Ilé gbọ́dọ̀ jókòó fún ọjọ́ 181, ó kéré tán, láàárín ọdún kan. Ìjókòó kò lè lọ déédéé bí àwọn tí ó wà níbẹ̀ kò bá tó ìdá kan nínú mẹ́ta; ní Ọ̀yọ́, ẹni 11 nìyẹn.

Kì í ṣe gbogbo nǹkan ni Ilé lè ṣòfin lé lórí. Ọ̀rọ̀ ọlọ́pàá, owó ìná, ẹnubodè àti ọmọ ogun jẹ́ ti ìjọba àpapọ̀ nìkan. Ààlà yìí a máa yí padà nígbà mìíràn: ní oṣù kẹta ọdún 2023, àtúnṣe sí òfin orílẹ̀-èdè fún àwọn ìpínlẹ̀ ní àyè láti ṣòfin lórí iná mànàmáná, títí kan àwọn ibi tí wáyà ìjọba àpapọ̀ dé, àti lórí ọkọ̀ ojú irin. Nítorí náà, bí aṣòfin bá ń sọ̀rọ̀ nípa iná lónìí, ọ̀rọ̀ tí ó wà ní ìkáwọ́ rẹ̀ ni ó ń sọ.

Ìrìn àbádòfin

Ìgbésẹ̀ tí àbádòfin ń gbé kí ó tó di òfin nìyí:

1. Kíkà àkọ́kọ́. Wọ́n á ka àkọlé rẹ̀ sí etí Ilé. Kò sí àríyànjiyàn níbẹ̀. Bí ìròyìn bá sọ pé ó ti gba kíkà àkọ́kọ́, ohun tí ó túmọ̀ sí ni pé ó ti wọlé. Kò ju bẹ́ẹ̀ lọ.

2. Kíkà kejì. Ibí ni wọ́n ti ń jíròrò bóyá irú òfin bẹ́ẹ̀ wúlò. Bí ọ̀pọ̀ bá gbà, wọn á fi ránṣẹ́ sí ìgbìmọ̀ tẹ̀ẹ́kótó tí ọ̀rọ̀ náà kàn.

3. Ìgbìmọ̀ tẹ̀ẹ́kótó àti àpérò ìtagbangba. Ìgbìmọ̀ yóò yẹ ẹ̀ka kọ̀ọ̀kan wò, ó sì lè pe àwọn ọlọ́jà, àgbẹ̀, olùkọ́, awakọ̀ àti àwọn ẹgbẹ́ mìíràn láti wá sọ tẹnu wọn tàbí kí wọ́n kọ ọ́ sínú ìwé. Nínú gbogbo ìrìn yìí, ibí ni ohùn ará ìlú ti ń ṣiṣẹ́ jù, nítorí pé a ṣì lè yọ gbólóhùn kan tàbí fi òmíràn kún un.

4. Kíkà kẹta. Lẹ́yìn tí ìgbìmọ̀ bá ti jábọ̀ tí gbogbo Ilé sì ti yẹ àbọ̀ náà wò, wọ́n á dìbò ìkẹyìn. Abẹnugan ni yóò kéde pé Ilé ti fọwọ́ sí i.

5. Ìbuwọ́lù gómìnà. Gómìnà ní ọjọ́ 30 láti sọ bóyá òun gbà tàbí òun kò gbà. Bí ó bá kọ̀, Ilé lè tún un dìbò. Bí ìdá méjì nínú mẹ́ta gbogbo ọmọ Ilé bá fọwọ́ sí i, ó di òfin láìsí ìbuwọ́lù gómìnà. Ní Ọ̀yọ́, aṣòfin 22 nìyẹn.

Bí ẹ bá gbọ́ pé Ilé ti fọwọ́ sí àbádòfin kan, ẹ béèrè bóyá gómìnà ti buwọ́ lù ú, kí ẹ sì béèrè ọjọ́ tí yóò bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́. Láàárín ìbéèrè méjèèjì yìí ni òfin ti ń di òfin.

Àpẹẹrẹ kan: òfin Àmọ̀tẹ́kùn

Ní ọjọ́ 9 oṣù kìíní ọdún 2020, àwọn gómìnà ìpínlẹ̀ mẹ́fà ti Ìwọ̀-Oòrùn Gúúsù ṣe ìfilọ́lẹ̀ ètò ààbò Àmọ̀tẹ́kùn ní Ìbàdàn. Ayọ̀ pọ̀, nítorí pé ẹ̀rù ajínigbé ti ń ba àwọn àgbẹ̀ àti arìnrìn-àjò. Láìpẹ́ ọjọ́, agbẹjọ́rò àgbà fún ìjọba àpapọ̀ sọ pé ètò náà kò ní òfin lẹ́yìn. Inú bí ọ̀pọ̀ ènìyàn, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ kan wà níbẹ̀ tí kò ṣeé fọwọ́ rọ́ sẹ́yìn: ẹ̀ṣọ́ tí ó ń mú ènìyàn lójú pópó gbọ́dọ̀ ní òfin tí ó sọ ohun tí ó lè ṣe, ẹni tí yóò máa darí rẹ̀, ibi tí owó rẹ̀ yóò ti máa wá, àti ibi tí ẹni tí ó bá ṣẹ̀ sí yóò gbé ẹjọ́ lọ.

Nígbà tí ìpàdé wáyé pẹ̀lú igbákejì ààrẹ ní oṣù kan náà, wọ́n fẹnu kò pé kí ìpínlẹ̀ kọ̀ọ̀kan lọ ṣe òfin tirẹ̀. Àwọn kọmíṣánnà fún ètò ìdájọ́ kọ àbádòfin, wọ́n sì gbé e lọ sí àwọn Ilé Aṣòfin. Ní oṣù kẹta ọdún 2020, àwọn Ilé náà, títí kan ti Ọ̀yọ́, fọwọ́ sí i, àwọn gómìnà sì buwọ́ lù ú. Ìfilọ́lẹ̀ mú ariwo wá. Òfin ni ó fi ẹsẹ̀ ètò náà múlẹ̀. Ẹ lè fi èyí wọn gbogbo ìlérí tí ẹ bá gbọ́.

Ìpinnu Ilé kì í ṣe òfin

Bí aṣòfin bá sọ pé òun gbé àbá kalẹ̀ tí Ilé sì gbà á wọlé, ohun tí ó sábà máa ń jẹ́ ni ìpinnu. Ìpinnu ń fi ohùn Ilé hàn: Ilé rọ iléeṣẹ́ kan láti dá àwọn olùkọ́ padà sí ilé ẹ̀kọ́ kan, tàbí láti ṣí gọ́tà tí ó dí. Ó ní ìwúlò, nítorí pé ó ń mú kí ìjọba dáhùn ní gbangba. Ṣùgbọ́n kò fi dandan mú ẹnikẹ́ni bí òfin ti ń ṣe. Bí oṣù mẹ́ta bá kọjá lẹ́yìn ìpinnu kan tí a kò rí nǹkan, ẹ bi aṣòfin yín ní èsì tí iléeṣẹ́ náà fún Ilé. Òfin orílẹ̀-èdè fún Ilé ní agbára láti ṣe ìwádìí, àti láti pe òṣìṣẹ́ ìjọba wá ṣàlàyé lórí owó tí Ilé fọwọ́ sí.

Ètò ìṣúná: ibi tí ìlérí ti ń di iṣẹ́

Gómìnà gbọ́dọ̀ gbé àbá ìṣúná síwájú Ilé kí ọdún tuntun tó bẹ̀rẹ̀. Bí Ilé kò bá tíì fọwọ́ sí i nígbà tí ọdún bá yí, gómìnà lè ná owó fún iṣẹ́ ìjọba fún àkókò tí kò ju oṣù mẹ́fà lọ, iye rẹ̀ kò sì gbọdọ̀ ju èyí tí a fọwọ́ sí fún irú àkókò bẹ́ẹ̀ lọ́dún tí ó kọjá.

Iṣẹ́ tí kò sí nínú ìṣúná kò ní owó. Ẹ̀yin tí ẹ ń retí ilé ìwòsàn tàbí kànga, ìgbà tí Ilé bá ń gbọ́ àlàyé àwọn iléeṣẹ́ lórí ìṣúná ni kí ẹ lọ bá aṣòfin yín. Bí a bá ti buwọ́ lù ú tán, ojú ọ̀nà ti há.

Ìròyìn ìlú: ọ̀nà ta ni?

Ẹ̀ka tí àwọn ènìyàn fẹ́ràn jù nínú ìròyìn ọ̀sẹ̀ ni ti ìlú: ọ̀nà, transfọ́mà, ilé ẹ̀kọ́, ẹ̀rọ ìránṣọ tí a pín fún àwọn obìnrin. Ẹ kọ́kọ́ béèrè ẹni tí ó ni iṣẹ́ náà. Ọ̀nà Ọ̀yọ́ sí Ògbómọ̀ṣọ́ jẹ́ ti ìjọba àpapọ̀. Aṣòfin ìpínlẹ̀ lè pariwo lórí rẹ̀, ṣùgbọ́n kì í ṣe ìṣúná Agodi ni ó ń sanwó rẹ̀. Ọ̀nà Mọníyà sí Ìṣẹ́yìn yàtọ̀: ìjọba ìpínlẹ̀ ni ó tún un ṣe.

Ẹ tún ya ẹ̀bùn sọ́tọ̀ kúrò lára iṣẹ́ ìjọba. Bí Ọ̀nọ̀rébù bá fi owó ara rẹ̀ ra fọ́ọ̀mù ìdánwò fún àwọn ọmọ wa, a dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Síbẹ̀, òfin tí ó ṣe, owó tí ó bójú tó àti ọ̀rọ̀ ẹkùn rẹ̀ tí ó gbé dé iwájú Ilé ni ìwọ̀n iṣẹ́ tí a tìtorí rẹ̀ dìbò fún un.

Ohun tí ẹ lè ṣe

Ẹ lè kọ ìwé ẹ̀sùn tàbí ìwé ẹ̀bẹ̀ sí Ilé, kí ẹ sì gbé e gba ọwọ́ aṣòfin yín. Ẹ kọ orúkọ ibi tí ọ̀rọ̀ náà wà, ọjọ́ tí ó bẹ̀rẹ̀ àti ohun tí ẹ fẹ́ ní pàtó.

Ẹ lè béèrè ìwé ìjọba. Ní oṣù kẹrin ọdún 2025, Ilé-Ẹjọ́ tí ó ga jùlọ ní Nàìjíríà dájọ́ pé òfin òmìnira ìròyìn ti ọdún 2011 kan gbogbo ìpínlẹ̀. Ọjọ́ méje ni òfin náà fún iléeṣẹ́ ìjọba láti dáhùn.

Ẹ kò ní láti gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì kí ẹ tó bá aṣòfin yín sọ̀rọ̀. Òfin orílẹ̀-èdè gbà pé Ilé Aṣòfin ìpínlẹ̀ lè fi èdè ìpínlẹ̀ kún Gẹ̀ẹ́sì nínú ìjókòó rẹ̀ bí Ilé bá fọwọ́ sí i, Ilé Aṣòfin Èkó sì ti ń lo Yorùbá bẹ́ẹ̀.

Bí ọ̀rọ̀ bá wá burú pátápátá, òfin fàyè gba pípe aṣòfin padà. Ó ju ìdajì àwọn tí ó forúkọ sílẹ̀ láti dìbò ní ẹkùn náà lọ tí ó gbọ́dọ̀ fọwọ́ sí ìwé, lẹ́yìn èyí àjọ INEC yóò ṣètò ìdìbò láàárín ọjọ́ 90. Kò rọrùn, kò sì yẹ kí ó rọrùn.

Ìmọ̀ràn wa ni pé kí ìpàdé àdúgbò kọ̀ọ̀kan yan ẹnì kan tí yóò máa kọ ohun tí aṣòfin bá sọ sílẹ̀ pẹ̀lú ọjọ́ rẹ̀: àbádòfin wo, ó dé ìgbésẹ̀ wo, iṣẹ́ wo, owó rẹ̀ wà nínú ìṣúná ọdún wo. Nígbà tí Ọ̀nọ̀rébù bá tún dé, kí a ka ìwé náà sí i létí pẹ̀lú ọ̀wọ̀, kí a sì gbọ́ èsì rẹ̀.