Odó Àjogúnbá ní Èjìgbò

Ìtàn ìlú Èjìgbò sọ pé Akínjọlé, ọmọ Ifẹ̀ tó tẹ ìlú náà dó, fẹ́ràn iyán débi pé Ògìyán ni wọ́n ń pè é. Ní Brazil, Oxaguiã ni wọ́n ń pe òrìṣà náà, ọmọ odó sì ṣì ń bẹ lọ́wọ́ rẹ̀. Ẹ ò rí i pé odó yìí ti rìn jìnnà!

Nínú ilé, ọmọ odó a máa jẹ, a máa ṣẹ́, wọn a sì pààrọ̀ rẹ̀. Odó gan-an ni ìyàwó ń gbà lọ́wọ́ ìyá ọkọ. Bí kò bá dára fún iyán mọ́, wọ́n á sọ ọ́ di odó èlùbọ́ tàbí ti àgúnmu. Ìgbà tí ìdí rẹ̀ bá lu ló tó di igi ìdáná. Láyé pòǹdò tí àwa akẹ́kọ̀ọ́ ń jẹ yìí, èyí tí kò tíì lu náà ń bá iná lọ, bẹ́ẹ̀ àwọn agbẹ́dó ò pọ̀ mọ́.