OHÙN ÌLÙ ÀTI OHÙN Ẹ̀RỌ: ÌTÀN ÀWỌN Ẹ̀RỌ TÍ Ń PA OHÙN DÀ

 Àṣà ìwé ọdọọdún wa yìí ni láti máa sọ ìtàn ìlú, ìtàn oyè àti ìtàn oko. Lọ́dún yìí a rò pé ó yẹ kí á sọ ìtàn ohun kan tí gbogbo wa ń gbọ́ lójoojúmọ́, ṣùgbọ́n tí a kì í sábà bèèrè orísun rẹ̀, èyíinì ni àwọn ẹ̀rọ oníná tí ń gba ohùn ènìyàn tàbí ohùn gìtá wọlé, tí wọ́n sì ń pa á dà kí ó tó jáde. Láti Osiele títí dé Opeji, ó ṣọ̀wọ́n kí á ṣe ìgbéyàwó tàbí ìsìnkú àgbà kí irú ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀ má wà níbẹ̀. Ìbéèrè tí a fẹ́ dáhùn kò ju ẹyọ kan lọ: nígbà tí ẹ̀rọ bá pa ohùn Yorùbá dà, ǹjẹ́ ọ̀rọ̀ inú rẹ̀ ṣì wà níbẹ̀ bí?

Àwọn àgbà ní, ilé ni a ti ń kó ẹ̀ṣọ́ ròde. Nítorí náà ẹ jẹ́ kí á bẹ̀rẹ̀ láti ilé. Kí iná mànàmáná tó dé ilẹ̀ Ẹ̀gbá rárá ni àwọn ọmọ Àyàn ti ń pa ohùn dà. Ìlù dùndún ní awọ ní ojú méjèèjì, ọsán sì so ojú kan mọ́ ìkejì. Bí onílù bá fi apá fún ọsán náà mọ́ ìhà, awọ á le, ohùn á sì ròkè. Bí ó bá dẹ̀ ẹ́, ohùn á wálẹ̀. Ìlù kò ní ètè, kò ní ahọ́n, kò sì ní eyín. Ohun tí ó lè gbà nínú ọ̀rọ̀ wa kò ju ohùn òkè, ohùn àárín àti ohùn ìsàlẹ̀ lọ, pẹ̀lú bí ọ̀rọ̀ náà ti yára tàbí bí ó ti falẹ̀ tó. Síbẹ̀ ẹni tí ó gbọ́ èdè ìlù á mọ̀ bí ó bá ń ki ọba, á sì mọ̀ bí ó bá ń bú ènìyàn.

Ìdí rẹ̀ ni pé nínú èdè wa, ohùn ni ó ń ya ọ̀pọ̀ ọ̀rọ̀ sọ́tọ̀ kúrò lára ara wọn. Ọkọ́ tí a fi ń roko kì í ṣe ọkọ tí ó fẹ́ ìyàwó, bẹ́ẹ̀ ni kì í ṣe ọkọ̀ tí ń gbé wa lọ sí Ìbàdàn. Kí òǹkàwé wa fi èyí sọ́kàn, nítorí òun ni òṣùwọ̀n tí a ó fi wọn gbogbo ẹ̀rọ tí ó kù.

Ẹ̀rọ oníná tí ọ̀pọ̀ ilé kọ́kọ́ mọ̀ ni àpótí rédíò tí a ń fi wáyà fà wọlé. Ní oṣù December 1935 ni ìjọba òyìnbó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ yìí ní Èkó, tí wọ́n ń pín ohùn tí ó ń bọ̀ láti London fún àwọn tí ń san owó oṣooṣù. Ó dé Ìbàdàn ní 1939, lẹ́yìn náà ó sì dé Abẹ́òkúta. Àpótí yìí a máa sọ̀rọ̀ láti òwúrọ̀ títí di alẹ́, ṣùgbọ́n bí a bá dá a lóhùn kì í gbọ́. Nítorí náà ni àwọn baba wa ṣe pè é ní asọ̀rọ̀mágbèsì. Kò pa ohùn dà púpọ̀. Ó kàn gbé e láti ibì kan dé ibòmíràn ni. Ṣùgbọ́n ó kọ́ àwọn ènìyàn wa pé ohùn lè kúrò lára ẹni tí ó ni ín.

Láàárín àkókò kan náà ni orin jùjú ń dìde ní Èkó. Tunde King, tí ó gba orin sílẹ̀ sínú àwo ní 1936, kò kó ju ènìyàn díẹ̀ jọ: ohun èlò olókùn bíi bánjò, ṣẹ̀kẹ̀rẹ̀, àti ìlù pẹlẹbẹ tí wọ́n ń pè ní jùjú. Kò sí gángan láàárín wọn. Ìlù tí ń sọ̀rọ̀ ní agbára ju ohun èlò olókùn lọ, ó sì ju ọ̀fun akọrin lọ pẹ̀lú. Bí a bá lu gángan kan nínú yàrá àlejò, ta ni yóò tún gbọ́ okùn?

Lẹ́yìn ogun 1939 sí 1945, ẹ̀rọ agbóhùnsókè tí ó ṣeé gbé kiri bẹ̀rẹ̀ sí í dé ọjà wa, pẹ̀lú máíkì rẹ̀. Ní 1948 Akanbi Ege mú gángan wọ inú jùjú. Ní 1949 Ayinde Bakare so máíkì kékeré mọ́ ara gìtá rẹ̀, ohùn rẹ̀ sì ń ti inú sípíkà jáde. Ẹ kíyè sí ohun tí ó ṣẹlẹ̀ yìí dáadáa. Ọ̀pọ̀ ènìyàn a máa rò pé ẹ̀rọ òyìnbó ni ó lé ìlù wa jáde kúrò lóde. Nínú jùjú, òdìkejì rẹ̀ ni ó rí. Ìgbà tí ẹ̀rọ gbé ohùn akọrin àti ti gìtá sókè ni àyè tó gba ìlù. Ẹ̀rọ ni ó ṣílẹ̀kùn, tí gángan sì gba ẹnu ọ̀nà wọlé.

Ilẹ̀ Ẹ̀gbá náà kò gbẹ́yìn nínú iṣẹ́ yìí. Ayinla Omowura, ọmọ Ìtọ́kò ní Abẹ́òkúta, tí ó kú ní 1980, kò fi gìtá sí orin àpàlà rẹ̀. Máíkì nìkan ni ó gbà lọ́wọ́ òyìnbó, ó sì fi í sọ òwe tí a ṣì ń pa títí di òní. Ebenezer Obey, tí àwọn òbí rẹ̀ jẹ́ Ẹ̀gbá Òwu, kó gìtá oníná púpọ̀ jọ, ṣùgbọ́n kò lé onílù rẹ̀. Fela Anikulapo Kuti, tí a bí ní Abẹ́òkúta ní 1938, jókòó ti dùùrù oníná ní àárín ẹgbẹ́ rẹ̀ ní àwọn ọdún 1970.

Ní àwọn ọdún wọ̀nyí ni àwọn ẹ̀rọ tí ń pa ohùn dà gan-an dé. Àwa tí a dàgbà láàárín àpáta Odeda mọ gbohùngbohùn: bí a bá ké sí òkè, òkè á dá wa lóhùn. Ní 1959 wọ́n gbé ẹ̀rọ kan jáde ní Amẹ́ríkà tí wọ́n pè ní Echoplex, tí ó ń ṣe iṣẹ́ àpáta. Ó ń kọ ohùn sára téèpù, ojú ẹ̀rọ mìíràn tí ó wà níwájú díẹ̀ á sì tún un kà, tí ohùn kan á fi di mẹ́ta tàbí mẹ́rin. Àwọn ará Japan gbé tiwọn, Roland Space Echo, jáde ní 1974. Ní 1962 ẹ̀rọ fuzz dé ọjà. Òun ni ó ń gé orí ìgbì ohùn gìtá kúrò títí yóò fi máa han gooro. Ní 1967 wah-wah tẹ̀lé e. Ẹsẹ̀ ni a fi ń tẹ̀ ẹ́, ó sì dà bí ẹnu tí ń là tí ó sì ń padé. Ẹgbẹ́ BLO, tí wọ́n dá sílẹ̀ ní Èkó ní 1972, wà lára àwọn tí ó fi irú ohùn bẹ́ẹ̀ ṣe orin nílẹ̀ wa. Nígbà tí Sunny Ade sì gbé àwo Juju Music jáde ní 1982, synthesizer àti gìtá onírin tí Demola Adepoju ń ta wà níbẹ̀. Gìtá náà a máa yọ̀ láti ohùn kan sí èkejì gẹ́gẹ́ bí ìlù ti ń ṣe, àwọn gángan sì ń sọ̀rọ̀ lábẹ́ rẹ̀.

Ó ku ẹ̀rọ kan tí ìtàn rẹ̀ yà wá lẹ́nu jùlọ, nítorí ó súnmọ́ iṣẹ́ Àyàn pẹ́kípẹ́kí. Ní 1928 ni Homer Dudley, òṣìṣẹ́ ilé-iṣẹ́ Bell ní Amẹ́ríkà, bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ lórí vocoder. Ó rí i pé ohun méjì ni ọ̀rọ̀ ènìyàn: ohùn tí ó ń ti ọ̀fun wá, àti ìrísí tí ẹnu ń fún un. Ẹ̀rọ rẹ̀ ya méjèèjì sọ́tọ̀, ó sì lè tún wọn so pọ̀. Ní 1939 wọ́n gbé ìbátan rẹ̀, Voder, wá sí ìpàtẹ ńlá kan ní New York. Obìnrin kan á jókòó, á fi ìka mẹ́wẹ̀ẹ̀wá tẹ àwọn bọ́tìnì tí ó dúró fún ẹnu, á sì fi ẹsẹ̀ tẹ pẹ́dàlì tí ń gbé ohùn sókè tí ó sì ń rẹ̀ ẹ́ sílẹ̀. Ó tó nǹkan bí ọdún kan kí ènìyàn tó mọ̀ ọ́n lò. Ẹ wò ó! Ohun tí obìnrin yẹn fi ẹsẹ̀ ṣe, òun ni onílù wa ń fi apá ṣe lára ọsán.

Nígbà ogun, ní 1943, àwọn ọmọ ogun Amẹ́ríkà fi vocoder ṣe ẹ̀rọ SIGSALY, tí ó wúwo ju tọ́ọ̀nù 50 lọ, kí àwọn olórí Amẹ́ríkà àti ti Gẹ̀ẹ́sì lè máa bá ara wọn sọ̀rọ̀ àṣírí. Ọ̀nà 10 ni ó fi kó ìrísí ẹnu. Ọ̀nà ọ̀tọ̀ ni ó fi kó gíga ohùn. Lẹ́yìn náà ni àwọn olórin gbà á: Kraftwerk ní Jámánì lò ó ní 1974.

Ibí yìí gan-an ni ọ̀rọ̀ wa wà. Bí olórin bá fi vocoder kọrin, ẹnu rẹ̀ ni ó ń pe ọ̀rọ̀, ṣùgbọ́n ọwọ́ ẹni tí ń tẹ dùùrù ni gíga ohùn ti ń wá. Fún Gẹ̀ẹ́sì, èyí kò ba ohun púpọ̀ jẹ́. Fún Yorùbá, bí ẹni tí ń tẹ dùùrù kò bá tẹ̀lé ohùn ọ̀rọ̀, ọkọ́ lè di ọkọ̀. Bákan náà ni Auto-Tune, tí Andy Hildebrand gbé jáde ní 1997, tí Cher sì fi sọ orin rẹ̀ di ìlú-mọ̀-ọ́n-ká ní 1998. Ó ń fa ohùn akọrin lọ sí orí ìró tí ó súnmọ́ ọn jùlọ. Bí a bá fà á le jù, á gé ìyọ̀ tí ó wà láàárín ohùn kan sí èkejì, ìyọ̀ yẹn gan-an sì ni adùn ohùn wa. A kò sọ pé kí ọmọ wa kankan má lò ó. Bí olórin bá gbọ́ èdè, ó lè mú ẹ̀rọ sìn ín, gẹ́gẹ́ bí Bakare ti mú máíkì sìn ín. Bí kò bá gbọ́ èdè, ẹ̀rọ ni yóò máa darí rẹ̀.

Ẹ̀yin ará, ohun tí ó ń kọ wá lóminú nìyí. Àwa olùkọ́ ń rí àwọn ọmọ tí wọ́n mọ orin tuntun láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, ṣùgbọ́n tí onílù bá kí bàbá wọn lójúde, wọn kò mọ̀ pé wọ́n ń kí ẹnìkan. Kí á má tíì sọ ti àwọn tí a bí sí London. Àwọn àgbà tí ó mọ ìjálá, rárà àti oríkì ìdílé ń lọ lọ́kọ̀ọ̀kan. Téèpù tí a fi gba ohùn àwọn òbí wa sílẹ̀ ní nǹkan bí ogójì ọdún sẹ́yìn wà nínú àpótí, ooru àti ọ̀rinrin sì ń jẹ ẹ́.

Nítorí náà a mú ìmọ̀ràn mẹ́ta wá síwájú ẹgbẹ́. Èkínní, kí olúkúlùkù wá téèpù àti àwo tí ó wà nílé rẹ̀ jáde, kí a sì ṣe ẹ̀dà wọn kí wọ́n tó bàjẹ́. Èkejì, kí a gba ohùn àwọn onílù àti àwọn akéwì wa sílẹ̀ láìfi ẹ̀rọ kankan pa á dà. Ẹni tí ó bá fẹ́ fi gbohùngbohùn sí i lè fi sí ẹ̀dà tirẹ̀. Ẹ̀kẹta, kí àwọn ilé ẹ̀kọ́ wa máa pe onílù wá sí kíláàsì, kí ó máa lù kí ọmọ máa sọ ohun tí ó gbọ́. Ẹ̀yin tí ẹ wà lẹ́yìn odi lè fi owó àti ẹ̀rọ rere ràn wá lọ́wọ́. Ẹ̀yin tí ẹ wà nílé ni ẹ mọ ilé tí àgbà wà.

Àyàn kò ní iná, kò ní wáyà, ṣùgbọ́n ó mọ ohun tí a kò gbọdọ̀ sọ nù nínú ọ̀rọ̀. Kí Olúwa má jẹ̀ẹ́ kí ohùn baba wa parẹ́ mọ́ wa létí. Ire o.