Mudashiru Ọbásá àti àwọn òfin ààbò Ìpínlẹ̀ Èkó

Bí a bá ń sọ̀rọ̀ àwọn aṣòfin ìpínlẹ̀ tí ọ̀rọ̀ ààbò ìlú ti gba ọwọ́ wọn kọjá, orúkọ Mudashiru Àjàyí Ọbásá kò gbọ́dọ̀ gbẹ́yìn. Ọjọ́ 11 oṣù Kọkànlá ọdún 1972 ni wọ́n bí i ní Agége. Yunifásítì Ìpínlẹ̀ Èkó, LASU, ló ti kẹ́kọ̀ọ́ ìmọ̀ òfin. Ó ṣe kánsẹ́lọ̀ ní Agége láti 1999 sí 2002 lábẹ́ ẹgbẹ́ òṣèlú AD. Ọdún 2007 ni wọ́n dìbò yàn án sí Ilé Ìgbìmọ̀ Aṣòfin láti ẹkùn Agége Kìíní, wọ́n sì tún yàn án ní 2011, 2015, 2019 àti 2023. Oṣù Kẹfà 2015 ló di Abẹnugan Ilé, tí ó ní ọmọ ẹgbẹ́ 40.

Kí ni aṣòfin ìpínlẹ̀ lè ṣe sí ọ̀rọ̀ ààbò? Ẹsẹ 214 nínú ìwé òfin ilẹ̀ wa ti ọdún 1999 sọ pé ilé-iṣẹ́ ọlọ́pàá kan ṣoṣo ni yóò wà ní Nàìjíríà, Àbújá sì ni àṣẹ rẹ̀ ti ń wá. Ìpínlẹ̀ kò lè dá ọlọ́pàá tirẹ̀ sílẹ̀. Ọ̀nà tó ṣẹ́ kù fún un ni kí ó ran ọlọ́pàá lọ́wọ́, kí ó sì fi òfin pinnu sẹ́ríà ọ̀daràn.

Ọ̀nà méjèèjì yìí ni Èkó tọ̀. Lọ́dún 2007 tí Ọbásá kọ́kọ́ wọlé ni òfin Àpò Owó Ààbò jáde, èyí tí ìjọba, ilé-iṣẹ́ àti olówó ń dá owó sí láti ra ọkọ̀ àti irinṣẹ́ fún ọlọ́pàá. Nígbà tí ó di Abẹnugan, gómìnà Akinwunmi Ambode buwọ́ lu òfin méjì ní ọjọ́ 15 oṣù Kẹjọ 2016. Àkọ́kọ́ dá ẹ̀ṣọ́ àdúgbò sílẹ̀, àwọn tí ń rìn káàkiri, tí wọ́n sì ń ta ọlọ́pàá lólobó. Èkejì wà fún àwọn ọmọ onílẹ̀ tí ń fipá gba ilẹ̀ onílẹ̀. Ní oṣù Kejì 2017, òfin ajínigbé tẹ̀ lé e: ẹ̀wọ̀n gbére fún ẹni tó jí ènìyàn gbé láti gbowó, ikú bí ẹni tí wọ́n jí gbé bá kú sí wọn lọ́wọ́. Òfin ẹgbẹ́ òkùnkùn ti 2021 fi ẹ̀wọ̀n ọdún 21 lélẹ̀.

Nígbà tí Àmọ̀tẹ́kùn dé ní oṣù kìíní 2020, agbẹjọ́rò àgbà ìjọba àpapọ̀ sọ pé kò bófin mu. Ìdí nìyí tí ilé aṣòfin ìpínlẹ̀ mẹ́fẹ̀ẹ̀fà ilẹ̀ Yorùbá fi ṣe òfin tirẹ̀. Èkó kò kọ òfin tuntun. Òfin ẹ̀ṣọ́ àdúgbò ti 2016 ni Ilé ṣàtúnṣe sí, kí Àmọ̀tẹ́kùn lè wọ inú rẹ̀.

Àga náà kò dùn títí. Ní ọjọ́ 13 oṣù kìíní 2025, nígbà tí ó wà lókè òkun, àwọn ọmọ Ilé yọ ọ́, wọ́n fi ẹ̀sùn ìnáwó àti ìwà kàn án, ó sì ní irọ́ ni. Mojisola Meranda ló bọ́ sípò rẹ̀, obìnrin àkọ́kọ́ tó jẹ Abẹnugan l'Ékòó. Ní ọjọ́ 3 oṣù Kẹta, Meranda fi àga sílẹ̀, Ọbásá sì padà. Ní oṣù Kẹrin, ilé ẹjọ́ dá a pé yíyọ tí wọ́n yọ ọ́ kò bófin mu.

Ohun tí ó kan ará ìlú nínú gbogbo èyí ni pé òfin kì í dá mú olè. Bí wọ́n bá jí ọmọ ẹni gbé lóru, ọlọ́pàá tí ìpínlẹ̀ kò láṣẹ lórí rẹ̀ náà ni a óò sáré lọ bá. Ṣùgbọ́n Ilé náà ló ń fọwọ́ sí ìṣúná ọdọọdún, ó sì lágbára láti ṣèwádìí. Amáánà ni ìbò wa jẹ́ lọ́wọ́ aṣòfin. Ẹ bi aṣojú yín léèrè: ẹ̀ṣọ́ àdúgbò mélòó ló wà ní wọ́ọ̀dù wa, ta ló sì ń yẹ iṣẹ́ wọn wò?