Ìgbànú Ológun àti Òṣùká Aláàárù

Ohun tí ọmọ-ogun ń gbé lọ sójú ìjà kì í sábà ráyè nínú ìwé ìtàn. Ìbọn ni àwọn òpìtàn ń kà, wọ́n ń ka ọ̀gágun, wọ́n sì ń ka ìlú tí a kó. Bẹ́ẹ̀ ìgbànú tí gbogbo nǹkan wọ̀nyí so mọ́ ní ìtàn tirẹ̀, ìtàn náà sì kan àwọn ọmọ Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà ju bí ọ̀pọ̀ ènìyàn ti rò lọ.

Ní ọdún 1858, Samuel Browne, ọ̀gá ọmọ-ogun Gẹ̀ẹ́sì kan ní Íńdíà, pàdánù apá òsì rẹ̀ lójú ogun. Ọwọ́ òsì ni a fi ń di àkọ̀ mú nígbà tí ọ̀tún bá ń fa idà yọ. Kí ni ẹni tí kò ní ọwọ́ òsì mọ́ yóò ṣe? Browne so okùn awọ kan gba orí èjìká ọ̀tún wá sí ìhà òsì ìgbànú rẹ̀ kí àkọ̀ má baà mì. Ìnira ọkùnrin kan ṣoṣo ni ó bí ìgbànú tí àwọn ọ̀gágun ilẹ̀ púpọ̀ wá sọ di ẹ̀ṣọ́.

Ṣùgbọ́n awọ ní àléébù. Anson Mills, ọmọ-ogun Amẹ́ríkà, kíyè sí i pé oje tí a fi ń ṣe awọ a máa mú kí ọta oníbàbà yọ ìpẹtà aláwọ̀ ewé, ọta á sì há sínú ìbọn. Àtúnṣe tí òun àti àwọn alábàáṣiṣẹ́ rẹ̀ ṣe ni ìgbànú òwú tí a hun pọ̀ mọ́ ilé ọta rẹ̀, láìfi abẹ́rẹ́ kàn án. Ẹni tí ó bá ti jókòó ti òfì rí yóò mọ̀ pé iṣẹ́ kékeré kọ́ nìyẹn.

Ní ọdún 1908 ni ìjọba Gẹ̀ẹ́sì fi òwú híhun ṣe gbogbo ìdìmọ́ra ọmọ-ogun ẹlẹ́sẹ̀. Ìgbànú náà fẹ̀ tó íǹṣì 3. Ọta 75 wà níwájú lápá ọ̀tún, 75 lápá òsì. Ọ̀bẹ ẹnu ìbọn wà ní ìbàdí òsì, ìgò omi ní ọ̀tún, okùn méjì sì gba èjìká lọ sẹ́yìn. Ètò yìí kì í ṣe ti ẹwà: ẹrù iwájú ń fa ti ẹ̀yìn, ìbàdí àti èjìká sì jọ pín in gbé. Ènìyàn lè bọ́ gbogbo rẹ̀ sílẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà bí ẹ̀wù.

Ti ọdún 1937 ni ó tẹ̀lé e. Àpò ńlá méjì ni ó wà níwájú rẹ̀, ìwọ̀n ilé ọta ìbọn Bren ni a sì fi gé wọn. Òun ni àwọn ọmọ Nàìjíríà, Gold Coast, Sàró àti Gáḿbíà dì lọ sí Bọ́mà nínú ìpín ọmọ-ogun 81 àti 82. Ní àfonífojì Kaladan ní ọdún 1944, òwú yìí rin gbindin, ó sì wúwo. Èyí tí ó fúyẹ́ jù, tí ó sì tètè ń gbẹ, tí a ṣe ní ọdún 1944 nítorí igbó kìjikìji, pẹ́ kí ó tó dé.

Síbẹ̀ ìgbànú kò lè gbé ju ohun ìjà ẹni kan lọ. Oúnjẹ, àgbá ọta àti àwọn tí ó fara gbọgbẹ́ ńkọ́? Níbi tí ọkọ̀ kò lè dé, orí ni wọ́n fi rù wọ́n. Àwọn aláàárù tí ìjọba kọ orúkọ wọn sílẹ̀ fún iṣẹ́ yìí ń tẹ̀lé ogun gun òkè, wọ́n ń sọ odò, púpọ̀ nínú wọn kò sì ní ìbọn lọ́wọ́. Ọgbọ́n ìgbẹ́rù tí wọ́n ti ń lò láti ìgbà èwe, ọgbọ́n òṣùká àti ọrùn tí kò yẹ̀, ni ó gbé ìpín 81 la ibi tí àwọn ẹgbẹ́ ogun mìíràn ti gbára lé ìbaaka. Ìwé ìlànà ìdìmọ́ra ti ọdún 1937 to gbogbo okùn àti ìdè lẹ́sẹẹsẹ. Òṣùká kò sí nínú rẹ̀.