Ibi Tí Ẹṣin Ti Wá, Àti Ohun Tí Ó Mú Dé Àkókó

Ọ̀pọ̀ nínú wa ti kọ́ Suratul-Adiyat, níbi tí Ọlọ́hun ti fi ẹṣin tí ń sáré búra. Nínú Suratun-Nahl pẹ̀lú, Ó ka ẹṣin mọ́ àwọn ìdẹ̀ra tí Ó fún wa láti gùn, àti fún ọ̀ṣọ́. Ṣùgbọ́n ní Àkókó, bí a bá sọ̀rọ̀ ẹṣin àtijọ́, ọ̀rọ̀ ogun Tápà kì í jìnnà sí i. Ó yẹ kí á mọ ìdí rẹ̀.

Ẹṣin kì í ṣe ẹran ilẹ̀ wa. Ìwádìí tí àwọn onímọ̀ gbé jáde ní 2021 fi hàn pé pápá odò Volga àti odò Don, ní ilẹ̀ Rọ́ṣíà, ni ìran ẹṣin tí ayé ń sìn lónìí ti tàn ká, ní nǹkan bí 4,200 ọdún sẹ́yìn. Ilẹ̀ kọ̀ọ̀kan sì sọ tirẹ̀ di oríṣi ọ̀tọ̀. Àwọn Lárúbáwá ní tiwọn. Erékùṣù Shetland ní ẹṣin kúkurú onírun púpọ̀. Àní ẹṣin eré ìje àwọn Gẹ̀ẹ́sì, akọ ẹṣin mẹ́ta tí wọ́n rí láti ilẹ̀ àwọn Mùsùlùmí ni baba ńlá wọn. Aleppo ní ilẹ̀ Syria ni wọ́n ti mú ọ̀kan nínú wọn, Darley Arabian, ní 1704.

Ní ìhà tiwa, àwọn ẹṣin kúkurú ló ti wà tẹ́lẹ̀. Al-Bakri kọ ọ́ ní 1068 pé ẹṣin ilẹ̀ Ghana àtijọ́ kúrú gan-an. Irú wọn ṣì wà ní Togo àti Benin, tí à ń pè ní Kotokoli. Àwọn ẹṣin gíga wá lẹ́yìn: Barb láti Morocco àti Algeria, tí ó la aṣálẹ̀ Sahara kọjá, àti Dongola láti etí odò Nile ní Sudan.

Owó ẹṣin wọ̀nyí ga. Leo Africanus, ẹni tí orúkọ rẹ̀ gan-an ń jẹ́ al-Hasan al-Wazzan, kọ ọ́ ní nǹkan bí 1526 pé ẹrú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún sí ogún ni ọba Borno ń san lórí ẹṣin kan ṣoṣo. Ẹni tí ó ní ẹṣin a fi kó ẹrú. Ẹrú náà ni yóò sì tún fi ra ẹṣin. Bẹ́ẹ̀ ni ìyà ń bí ìyà.

Nígbà tí ó di bí ọdún 1850 sókè, àwọn ẹlẹ́ṣin Bida ń kó Àkókó lẹ́rú. Àwọn ìlú wa kéré, wọ́n sì tú ká, wọn kò ní ọba kan tí ó kó gbogbo wọn pọ̀. Òkè àti àpáta ni Ọlọ́hun fi ṣe odi fún wọn, nítorí pé ẹṣin kò lè gun àpáta. Igbó tún ràn wọ́n lọ́wọ́: eṣinṣin tsetse tí ń mu ẹ̀jẹ̀ máa ń kó àìsàn tí ń pa ẹṣin ran ẹṣin, kì í sì í jẹ́ kí ó pẹ́ níbẹ̀. Síbẹ̀, ọ̀pọ̀ ènìyàn lọ, wọn kò padà. Ní January 1897 ni ilé iṣẹ́ Royal Niger Company ṣẹ́gun Bida, agbára àwọn ẹlẹ́ṣin náà sì dópin ní agbègbè wa.

Ọ̀nà kan náà tí ẹṣin gbà wá ni ẹ̀sìn wa pẹ̀lú gbà dé. Àwọn Tápà wà lára àwọn tí Islam tipasẹ̀ wọn dé Àkókó. Èyí ń dun àwọn kan, ó sì ń mú àwọn mìíràn fẹ́ fi ìtàn pamọ́. Kò yẹ kí á fi pamọ́. Suratul-Balad ka ìdásílẹ̀ ẹrú sí ọ̀nà gíga tí onígbàgbọ́ yẹ kí ó gùn. Ẹni tí ó fi ẹṣin kó ọmọ ọlọ́mọ lẹ́rú, ìwà tirẹ̀ ni, kì í ṣe àṣẹ Àlùkùráánì. Ẹ̀sìn ju ẹlẹ́ṣin lọ.

Lónìí, ẹ lè rí ẹṣin ní Ọjúde Ọba ní Ìjẹ̀bú-Òde, lẹ́yìn Iléyá, tí ó wọ aṣọ ọ̀ṣọ́, tí ẹ̀rù kò sì ba ẹnikẹ́ni. Ohun tí Ọlọ́hun fi fún wa náà nìyẹn. Ẹ̀yin ọ̀dọ́, ẹ béèrè ọ̀rọ̀ yìí lọ́wọ́ àwọn àgbà nígbà tí wọ́n ṣì wà, kí ẹ sì kọ ọ́ sílẹ̀. Kí Ọlọ́hun kẹ́ àwọn tí ó lọ tí wọn kò padà. Àmín.