Àjàṣẹ́ Ní Ọ̀sán Kan: Ìlú Tí À Ń Kọjá Láìwò

Ọ̀rọ̀ tí a mú wá lónìí kò jìnnà sí ilé. Nínú àwa tí a wà ní Aguidi, ní Ṣakẹ́tẹ́ àti ní Pobẹ̀, kò sí ẹni tí kò mọ ọ̀nà Àjàṣẹ́, ìlú tí ìwé ìjọba ń pè ní Porto-Novo. Tí a bá ń lọ Kútọ̀nù, ibẹ̀ la ń gbà. Tí a bá kó ọjà, Ouando la ti ń sọ ọ́. Síbẹ̀, ọ̀pọ̀ nínú wa ti gba ìlú náà kọjá nígbà àìmọye láìtíì fi ẹsẹ̀ tẹ ibi tí àwọn àjèjì ń ti òkè òkun wá wò. Òyìnbó á wọ ọkọ̀ òfurufú wá, á sanwó fún afinimọ̀nà, á rìn yíká fún wákàtí mélòó kan, á ya fọ́tò, á sì padà lọ. Àwa tí a bí sí ẹ̀gbẹ́ ibẹ̀, à ń sáré kí tàsí má baà fi wá sílẹ̀.

Ohun tí a fẹ́ sọ ni pé kí á ya ọ̀sán kan sọ́tọ̀ fún Àjàṣẹ́. Kí bàbá mú ọmọ dání, tàbí kí ọ̀rẹ́ mẹ́ta kó ara wọn jọ. Kò gba owó ńlá, nítorí àwọn ibi tó ṣe pàtàkì láàárín ìlú kò fi bẹ́ẹ̀ jìnnà síra wọn. Àmọ́ kí á rìn ín bí ìtàn ṣe tò ó. Ọ̀pọ̀ èèyàn máa ń kọ́kọ́ lọ sí ààfin. Àwa sọ pé kí á bẹ̀rẹ̀ láti Akron.

Akron ni àdúgbò tó dàgbà jù ní Àjàṣẹ́. Ìtàn tí àwọn àgbà ń sọ ni pé ọdẹ Yorùbá mẹ́ta, Obagadjou, Anata àti Akakro, ló tẹ ibẹ̀ dó. Wọ́n rí òkìtì ọ̀gán kan nínú igbó, wọ́n sì rí ẹ̀dá olórí mẹ́sàn-án tó jáde láti inú rẹ̀. Ẹnu yà wọ́n, ẹ̀rù bà wọ́n, wọ́n sì sọ ibẹ̀ di ojúbọ. Abórí-mẹ́sàn-án ni wọ́n pe ẹ̀dá náà. Bí ọjọ́ ṣe ń gorí ọjọ́, orúkọ náà gé kúrú lẹ́nu àwọn èèyàn, ó di Abẹ̀sàn. Àwọn ìwé Faransé ń kọ ọ́ ní Avessan. Ojúbọ náà ṣì wà níbẹ̀. Ẹni tó bá gbọ́ Yorùbá kò nílò ògbufọ̀ kankan níwájú rẹ̀, nítorí orúkọ náà ń sọ ìtàn ara rẹ̀.

Láti Akron ni kí á tó wá kọjú sí ààfin, nítorí bẹ́ẹ̀ náà ni ìtàn ṣe lọ. Àwọn Ègùn dé lẹ́yìn náà. Wọ́n ní ìjà oyè ló ṣẹlẹ̀ láàárín àwọn ọmọ ọba Allada. Ọ̀kan dúró sílé, ọ̀kan gba ìhà Abomey lọ, ìkẹta tí í ṣe Tè Agbanlin sì wá sí Àjàṣẹ́. Ìdílé tirẹ̀ ló di ìdílé ọba. Àwọn Ègùn pe ìlú náà ní Hogbonou, èyí tó jẹ mọ́ ẹnu ọ̀nà ilé ńlá. Àwọn Pọtogí tó ń ṣòwò létíkun náà dé ní ọ̀rúndún kejìdínlógún, wọ́n pè é ní Porto-Novo, ìyẹn èbúté tuntun.

Bí ìlú kan ṣe ní orúkọ mẹ́ta nìyẹn. Àwọn kan nínú wa máa ń fi Àjàṣẹ́ jà, wọ́n á ní tiwa ni, àwọn Ègùn gbà á lọ́wọ́ wa ni. Àwọn kan lódìkejì á sì sọ pé àlejò ni Yorùbá níbẹ̀. Ẹni tó bá rìn láti Akron dé ààfin lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo á rí i pé ìjà náà kò lẹ́sẹ̀ nílẹ̀. Orúkọ kan kò pa èkejì rẹ́. Títí dòní, ẹni tó bá tajà ní Àjàṣẹ́ á kí oníbàárà kan ní Ègùn, á sì dá èkejì lóhùn ní Yorùbá, kò sì ní mọ̀ pé òun ṣe ohun bàbàrà kankan.

Kí á sì má gbàgbé ohun tí wọ́n ń ṣe ní èbúté tuntun náà. Òwò ẹrú ni. Ọ̀yọ́ fúnra rẹ̀, nígbà tí agbára rẹ̀ ṣì pọ̀, gba Àjàṣẹ́ ta ẹrú fún àwọn òyìnbó. Nígbà tí Ọ̀yọ́ wá fọ́ ní ọ̀rúndún kọkàndínlógún, tí ogun gba gbogbo ilẹ̀ Yorùbá kan, àwọn ọmọ Yorùbá ni wọ́n ń dì lókùn lọ sí etíkun. A wà lára àwọn tó tà, a sì wà lára àwọn tí wọ́n tà. Ẹni tó bá fẹ́ kọ́ ọmọ ní ìtàn kò gbọ́dọ̀ gé e sí méjì.

Ààfin tí à ń wí yìí ni wọ́n ń pè ní Honmè. Wọ́n ti sọ ọ́ di ilé ìṣẹ̀ǹbáyé báyìí, ẹnikẹ́ni sì lè wọ̀ ọ́. Ibẹ̀ ni Ọba Toffa gbé, ẹni tó jọba láti 1874 títí di 1908. Inú rẹ̀ ni a ti ń gbọ́ nípa alounloun, ọ̀pá onírin tó ní òrùka lára, tí àwọn obìnrin ààfin máa ń fi lu orin adjogan fún ọba. Kí á tó gorí ọ̀rọ̀ Toffa, ẹ jẹ́ ká rántí pé ọkọ̀ ogun Gẹ̀ẹ́sì ti yìnbọn lu Àjàṣẹ́ ní 1861, ọdún kan náà tí wọ́n gba Èkó. Ọba Sodji tó wà lórí oyè nígbà náà wá ààbò lọ sọ́dọ̀ Faransé ní 1863. Toffa pẹ̀lú bá Faransé rẹ́, nítorí ó ń bẹ̀rù Abomey. Ó rí ààbò gbà, àmọ́ ìjọba bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀ díẹ̀díẹ̀.

Láti ààfin, ẹ jẹ́ kí á rìn lọ síbi tí Mọ́sálásí Ńlá wà nítòsí ọjà. Ẹni tó bá kọ́kọ́ rí i lè rò pé ilé ìjọ Àgùdà ni, pẹ̀lú ilé ìṣọ́ méjì tó ga níwájú, àwọ̀ oríṣiríṣi àti ọnà òdòdó lára ògiri. Kì í ṣe àṣìṣe ojú. Àwọn tó kọ́ ọ ní ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀rúndún ogún wo àwòṣe ilé ìjọ ìlú Bahia ní Brazil. Ẹrú tó darí wálé àti àwọn ọmọ wọn ló mú iṣẹ́ náà bọ̀. Wọ́n ti di kọ́lékọ́lé, gbẹ́nàgbẹ́nà àti aránṣọ lọ́hùn-ún, iṣẹ́ ọwọ́ wọn sì bá wọn wálé.

Ẹ jẹ́ kí á dúró níbẹ̀ díẹ̀, nítorí ìtàn yẹn kàn wá gan-an. Ní oṣù kìíní 1835, àwọn ẹrú dìde ogun ní Bahia. Mùsùlùmí ló ṣáájú wọn, ọmọ Yorùbá ló sì pọ̀ jù nínú wọn. Nagô ni wọ́n ń pe Yorùbá níbẹ̀, Nàgó tí wọ́n ń pe àwa náà nílé níhìn-ín. Malê ni wọ́n ń pe Mùsùlùmí, ọ̀rọ̀ tó ti inú ìmàle wa jáde. Ọ̀tẹ̀ náà kò yọrí sí rere. Wọ́n pa àwọn kan, wọ́n sì lé àwọn kan padà sí Áfíríkà. Lẹ́yìn ìyẹn, ọ̀pọ̀ tó ti ra ara wọn padà fẹsẹ̀ ara wọn wálé. Àwọn kan sọ̀ sí Èkó, àwọn kan sọ̀ sí Ouidah, Agoué àti Àjàṣẹ́. Àwọn la ń pè ní Àgùdà. Àwọn kan nínú wọn jẹ́ Kátólíìkì, àwọn kan jẹ́ Mùsùlùmí, orúkọ Pọtogí sì ni gbogbo wọn ń jẹ́. Ìdí nìyẹn tí ẹ fi ń rí Alhaji tó ń jẹ́ da Silva tàbí Paraïso ní Àjàṣẹ́. Ilé ìṣẹ̀ǹbáyé da Silva wà nínú ìlú náà fún ẹni tó bá fẹ́ mọ̀ sí i nípa wọn. Ẹni tó bá ti rí mọ́sálásí Shitta Bey ní Èkó, èyí tí wọ́n ṣí ní 1894, á mọ̀ pé ọmọ ìyá ni òun àti ti Àjàṣẹ́.

Lẹ́yìn Mọ́sálásí, ó kan ilé tí àwọn gómìnà Faransé ń gbé. Àjàṣẹ́ di olú-ìlú Dahomey lábẹ́ Faransé ní 1900. Nígbà tí a gba òmìnira, ilé náà di ibi tí àwọn aṣòfin ń jókòó sí fún ọ̀pọ̀ ọdún. Ó yẹ kí ará Aguidi wo ilé yẹn dáadáa, nítorí irú ọ́fíìsì bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ti ń fi lẹ́ẹ̀dì fa ìlà sórí ilẹ̀ wa. Ní ọjọ́ 10 oṣù kẹjọ 1889, Faransé àti Gẹ̀ẹ́sì fẹnu kò lórí ibi tí ẹnubodè á gbà. Wọn kò béèrè lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni ní Ṣakẹ́tẹ́. Kétu bọ́ sọ́dọ̀ Faransé, Ìmẹ̀kọ bọ́ sọ́dọ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Ẹ̀gbọ́n ń kọ́ Faransé, àbúrò ń kọ́ Gẹ̀ẹ́sì, ìyá kan náà ló bí wọn. Lẹ́yìn náà ni wọ́n la ọ̀nà rélùwéè láti Àjàṣẹ́ gba Ṣakẹ́tẹ́ dé Pobẹ̀. Epo pupa àti ekùrọ́ wa ló ń gba orí irin yẹn lọ sí etíkun.

Ibi tí ọkàn wa fẹ́ jù ni ilé ìṣẹ̀ǹbáyé tí wọ́n sọ lórúkọ Alexandre Sènou Adandé. Ibẹ̀ ni agọ̀ Gẹ̀lẹ̀dẹ́ tò sí lóríṣiríṣi. Àwa tí a mọ Gẹ̀lẹ̀dẹ́ láti kékeré, tí a ti rí i níbi tó ń jó lójú agbo, lè máa rò pé kí ló tún wà níbẹ̀ láti wò. Ó wà. Lójú agbo, ijó àti ìlù kì í jẹ́ kí èèyàn rí iṣẹ́ ọwọ́ agbẹ́gilére tán. Nínú ilé yẹn, agọ̀ dúró jẹ́ẹ́, èèyàn lè ka ilà ojú rẹ̀, kó wo bí wọ́n ṣe gbẹ́ gèlè rẹ̀. UNESCO kéde Gẹ̀lẹ̀dẹ́ ní 2001 gẹ́gẹ́ bí ohun iyebíye fún gbogbo ayé, ó sì wọ inú àkójọ wọn ní 2008. Benin, Nàìjíríà àti Togo ni wọ́n jọ kọ ọ́ sí lórúkọ. Ìlà 1889 kò rí Gẹ̀lẹ̀dẹ́ gé.

Bí àkókò bá kù, kí á rántí pé Àjàṣẹ́ yìí náà ni Samuel Bilewu Oshoffa ti dá Ìjọ Mímọ́ ti Kristi láti Ọ̀run sílẹ̀ ní ọjọ́ 29 oṣù kẹsàn-án 1947. Gbẹ́nàgbẹ́nà ni. Nígbà tó kú ní 1985, Ìmẹ̀kọ, lódìkejì ẹnubodè, ni wọ́n sin ín sí. Láti Àjàṣẹ́ dé Ìmẹ̀kọ, aṣọ funfun kan náà ni wọ́n ń wọ̀. Nígbà tí a bá sì ń padà bọ̀ wálé, Ouando ni ọgbà Songhai wà, èyí tí àlùfáà Godfrey Nzamujo, ọmọ Nàìjíríà, dá sílẹ̀ ní 1985 láti kọ́ àwọn ọ̀dọ́ ní iṣẹ́ àgbẹ̀.

Ẹ̀yin ará wa, kí ló wá dé tí a fi ń sọ gbogbo èyí? Ó dé nítorí pé ilé ń wó. Amọ̀ ni wọ́n fi mọ ọ̀pọ̀ nínú ilé Àgùdà wọ̀nyẹn, ẹfun ni wọ́n fi rẹ́ ẹ. Tí òrùlé bá ti jò fún òjò ọdún méjì mẹ́ta, ògiri á bẹ̀rẹ̀ sí í yọ́. Àwọn ajogún ti fọ́n káàkiri, ẹnìkan kì í dá tún ilé ẹbí ṣe. Ẹni tó bá lówó á wó o, á kọ́ ti bíríkì síbẹ̀. Láti 1996 ni orúkọ àwọn àdúgbò àtijọ́ Àjàṣẹ́ àti ààfin rẹ̀ ti wà lára èyí tí ń dúró de ìdánimọ̀ UNESCO. Bí wọ́n ṣe ń dúró, bẹ́ẹ̀ ni òjò ń rọ̀.

A kò ní kí gbogbo wa di kọ́lékọ́lé. Àmọ́ ohun tí ọmọ kò bá mọ̀ kò lè dùn ún tó bá sọnù. Àwọn baba wa ní bí ọmọdé bá láṣọ bí àgbà, kò lè lákìísà bí àgbà. Kútọ̀nù láṣọ, ó ní ilé gíga àti títì ńlá. Àjàṣẹ́ ló ni àkísà, inú àkísà yẹn ni orúkọ wa wà.

Nítorí náà, tí ilé-ìwé bá ti gba ìsinmi, ẹ kó àwọn ọmọ dání. Ẹ tètè kúrò ní Aguidi, kí oòrùn má baà mú jù. Ẹ bẹ̀rẹ̀ láti Akron, ẹ jẹ́ kí ọmọ fúnra rẹ̀ túmọ̀ Abórí-mẹ́sàn-án. Ẹ béèrè lọ́wọ́ ẹni tó ń tọ́jú ibẹ̀ kí ẹ tó ya fọ́tò, ẹ kí àgbà tí ẹ bá bá lẹ́nu ọ̀nà, ẹ sanwó ìwọlé níbi tí wọ́n bá ti ń gbà á. Nílé Gẹ̀lẹ̀dẹ́, ẹ sọ fún wọn irú èyí tí àwọn ìyá yín ti rí rí. Ẹ̀yin tó wà ní Ìmẹ̀kọ, ní Ìláróo, ní Èkó, ọ̀nà ò jìnnà síyín náà. Ẹ máa bọ̀.

Ire o.