Òfin Iṣẹ́ àti Agbanisíṣẹ́ Kékeré ní Nàìjíríà

Láyé àtijọ́, àdéhùn kan ṣoṣo ni ó so ìwọ̀fà pọ̀ mọ́ olówó rẹ̀, tọ̀tún-tòsì sì mọ̀ ọ́n: títí a ó fi san gbèsè ni. Agbanisíṣẹ́ òde òní kò ní irú ìfọ̀kànbalẹ̀ bẹ́ẹ̀, nítorí ẹlòmíràn ni ó ń kọ àdéhùn náà, ó sì ń tún un kọ.

Òfin Iṣẹ́ ọdún 1974 pàṣẹ pé kí òṣìṣẹ́ gba ìwé àdéhùn láàrin oṣù mẹ́ta àkọ́kọ́. Nínú àkójọ òfin ọdún 2004, owó ìtanràn fún púpọ̀ nínú ẹ̀ṣẹ̀ agbanisíṣẹ́ kò ju náírà 800 lọ ní ìgbà àkọ́kọ́. Irú òfin bẹ́ẹ̀ ní ẹnu, kò léyín.

Owó oṣù ni ó ń sáré jù. Lẹ́yìn ìyanṣẹ́lódì oṣù Karùn-ún ọdún 1981, náírà 125 ni òfin fi ṣe owó oṣù tí ó kéré jù. Ó di 250 ní 1991, 5,500 ní 2000, 18,000 ní 2011, 30,000 ní 2019, àti 70,000 ní 2024. Kì í sì í ṣe iye owó nìkan ni ó ń yí. Òfin 1981 yọ ilé iṣẹ́ tí òṣìṣẹ́ rẹ̀ kò tó 50 sílẹ̀. Ti 2019 sọ ọ́ di 25. Oníbúrẹ́dì tí ó ní òṣìṣẹ́ 30 bọ́ sábẹ́ òfin lọ́jọ́ kan, láìgba ẹnikẹ́ni kún wọn. Òdìkejì ni ti owó ìfẹ̀yìntì: ní 2004, òṣìṣẹ́ márùn-ún ti tó láti fi de agbanisíṣẹ́, ní 2014, ó di 15, ìdá tí ọ̀gá ń san sì kúrò ní 7.5 nínú ọgọ́rùn-ún, ó di 10.

Òfin ìfarapa lẹ́nu iṣẹ́ ti 2010, tí ó rọ́pò ti 1987, kò tilẹ̀ ka orí: ìdá kan nínú ọgọ́rùn-ún owó oṣù ni kí ọ̀gá máa san sínú àpò tí ìjọba dá sílẹ̀. Ti 1987 dárúkọ ọkùnrin oníṣẹ́. Ti 2010 dárúkọ ẹni tí a gbà síṣẹ́. Yorùbá kò gbọ́ ìyàtọ̀ yẹn, nítorí òṣìṣẹ́ wa kò ní akọ, kò ní abo.

Èdè Gẹ̀ẹ́sì ni a fi gbé gbogbo wọn jáde. Oníbúrẹ́dì tí ó ní òṣìṣẹ́ 20 ní láti mọ̀ pé òfin owó oṣù kò kan òun, pé ti ìfẹ̀yìntì àti ti ìfarapa kan òun. Bí kò bá mọ̀ ọ́n, òṣìṣẹ́ tí ẹ̀rọ ìpòyẹ̀fun bá gé níka ni yóò kọ́kọ́ gbọ́ pé ọ̀gá òun kò forúkọ sílẹ̀.